Oògùn Tó Wà Lábẹ́ Obì

Nọ́ọ̀sì Lucy kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó sì rọra gbé àpò kan tó há mọ́ abíyá kalẹ̀ sẹ́yìn agbọ̀n obì mi. 

"Ìyá Nafisah, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé e pamọ́."

"Kí ni?"

"Oògùn Dèjì. Gbogbo èyí tó kù ni. Wọ́n ń bọ̀ wá fọ́ fìríìjì yẹn lónìí. Ẹnu àwọn ọlọ́kadà ni mo ti gbọ́ ọ."

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ohun tí mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ ni, "Ṣé ó máa ń bàjẹ́ ni?"

"Kò gbọdọ̀ gbóná. Ìyẹ̀fun ni, kì í ṣe olómi, torí náà ó lè fara dà á fún ìwọ̀nba ọjọ́ bí oòrùn kò bá kàn án. Ta ni mo tún mọ̀ ní Ọ̀kà yìí tó mọ bí a ṣe ń pa nǹkan mọ́ tí ooru kò fi ní í pa á?"

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Gbánja ni mo ń tà ní Ìwárọ̀ Ọ̀kà, obì sì kórìíra ooru. Bí ooru bá mú un, á rọ̀, á dúdú, kòkòrò á sì bá a ṣeré títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú. Àwọn kan ti ń da oògùn apakòkòrò lé tiwọn báyìí. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ewé tútù ni mo ń tẹ́ sínú agbọ̀n, ewé ni mo ń fi bò ó, mo sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó pọ́n. Iyanrìn tí mo bu omi wọ́n ni mo ń gbé agbọ̀n lé, nínú yàrá tí oòrùn kì í yọjú sí. Mo ti rí obì tó lo oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ mi tí ó ṣì ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu bí ẹni pé àná ni wọ́n ká a.

Nọ́ọ̀sì ti lọ kí n tó dá a lóhùn. Mo kó páálí kéékèèké náà sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, mo da ewé bò wọ́n, mo sì da obì lé ewé lórí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo rí i pé èmi náà ti ń wo òsì, tí mò ń wo ọ̀tún.

Akíndèjì ni orúkọ tí bàbá Dèjì sọ ọ́. Nígbà tó dé Èkó tó di olórin ló sọ ara rẹ̀ di Dèjì Àpáta, nítorí òkè tí wọ́n bí i sí. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ọ̀nà Ìpè ni oko wọn wà, ibẹ̀ ni ejò ti bù ú ṣán. Wọ́n gbé e lé ọ̀kadà, Dèjì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi apá méjèèjì dì í mú. Kò tí ì hu irùngbọ̀n nígbà náà. Kí wọ́n tó dé Akùngbá, òkú ni ọmọ náà ń dì mú, kò sì mọ̀.

Nígbà tó lówó, ó gbẹ́ kànga fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, ó san owó ìdánwò fún ọmọ aláìníbaba. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe tí àwa àgbẹ̀ kò jẹ́ gbàgbé ni fìríìjì funfun kan tó gbé sí ilé ìtọ́jú kékeré tó wà ládùúgbò wa, pẹ̀lú sólà tó ń fún un níná. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ejò bá bù ṣán kò ní í san kọ́bọ̀.

Nígbà tí fìríìjì náà dé, akunlé kan gbé ọ̀dà wá láti kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára. Àwọn àgbà ní kí ó gbé ọ̀dà rẹ̀ padà. Okùn ilẹ̀ ni à ń pe ejò nínú ilé, ta ló wá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri kí ó lè mọ ibi tí yóò yà sí? Báyìí ni fìríìjì ṣe wà láìní àkọlé. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé míníráàlì ìsọmọlórúkọ àti omi inú ọ̀rá wá síbẹ̀ kí ó lè tutù. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á pa á dé, wọ́n á tún ṣí i. Nọ́ọ̀sì Lucy ra àgádágodo. Àwọn kan bú u pé, "Ṣé ti bàbá rẹ ni?" Ó ṣì ń tì í.

Dèjì kú l'Ékòó lọ́dún tó kọjá. Àìsàn ló pa á. Gbogbo Ọ̀kà sunkún. Omijé kò tí ì gbẹ tí ìròyìn mìíràn fi dé: ọmọbìnrin kan tó ń jó lẹ́yìn rẹ̀ ti sọnù, a kò sì rí i mọ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ibi tí owó Dèjì ti wá. Ẹlòmíràn ṣe fídíò. Ó fi fìríìjì wa hàn, ó ní, "Ẹ̀yin ará, kí ló dé tí olórin yóò gbé fìríìjì sílùú ẹ̀, tí wọ́n á tì í ní àgádágodo, tí wọn ò sì kọ nǹkan kan sí i lára?"

Ó sì ku ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì Lucy ti ṣàlàyé fún wa rí pé ara ẹṣin ni wọ́n ti ń rí oògùn náà. Wọ́n á fún ẹṣin ní oró díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kọ́ bí a ṣe ń bá oró jà, wọ́n á wá fa díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹnìkan gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ fún àwọn oníròyìn. Kí ó tó dé orí rédíò, ẹṣin ti já sọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló dé.

N kò mọ ibi tí ọmọbìnrin náà wà. Mo mọ ohun tí Dèjì ṣe fún wa, n kò mọ ohun tó ṣe l'Ékòó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí lọ́nà méjì: mò ń bẹ̀rù àwọn tó ń bọ̀ wá sun oògùn náà, mo sì ń bẹ̀rù oògùn náà fúnra rẹ̀.

Mo gbé agbọ̀n relé. Yẹ̀kínì ọkọ mi kò lọ sóko lọ́jọ́ náà, ó jókòó síta pẹ̀lú Zachariah káfíńtà, aládùúgbò wa. Rédíò kékeré kan wà láàárín wọn. Yẹ̀kínì kì í ṣe òmùgọ̀. Kì í pẹ́ kírun, kì í sì í mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n rédíò yẹn ti gba etí rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa.

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni," ni Yẹ̀kínì ń sọ. "Zachariah, ìwọ tó gba abẹ́rẹ́ yẹn lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ara rẹ dá ṣáṣá?"

"Ara mi le o. Àfi pé mo ti ń jẹun jù."

"O ti ń jẹun jù kí okùn ilẹ̀ tó rí ẹ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo rí ọwọ́ Zachariah tó ń ha àpá kókósẹ̀ rẹ̀, ó ń ha á, ó ń ha á, bí ẹni pé ó fẹ́ yọ nǹkan kúrò níbẹ̀.

"Pásítọ̀ wa ti gbàdúrà fún mi," ni ó sọ nígbà tí ẹ̀rín tán. "Ó ní gbogbo ẹni tó gbà á, kí ó wá. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ mọ́."

"Ní tèmi," Yẹ̀kínì sọ, "ó sàn kí n kú jù kí wọ́n gún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí mi lára. Ẹ̀jẹ̀ ẹran pàápàá, haráàmù ni, áḿbọ̀sì ti ènìyàn. Ẹni tí wọ́n bá bá a nílé ẹ̀, kí wọ́n sun ún pẹ̀lú ilé."

Mo gba iwájú wọn kọjá pẹ̀lú agbọ̀n lórí mi. Yẹ̀kínì ní, "Ìyá Nafisah, ọjà ò tà ni?" Mo ní ó tà díẹ̀.

Lọ́sàn-án náà ni a gbọ́ ariwo. Àwọn ọ̀dọ́ fi òkúta fọ́ àgádágodo, Uthman ọmọ Alfa Anwar ló ṣáájú wọn, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní oríta. Fìríìjì ṣófo. Nǹkan kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: ike omi kan tí nǹkan pupa kún.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" ni wọ́n ń pariwo. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n dáná sun fìríìjì àti sólà. Kí a tó kírun alásárì, fọ́tò ike náà ti wà lórí gbogbo fóònù, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, Ẹ̀jẹ̀ nìyí, a ti rí i.

Yẹ̀kínì gbé fóònù sí mi lójú. "Wò ó. Fi ojú ara rẹ wò ó."

Mo wò ó. Sóbò tí à ń mu ni. Nọ́ọ̀sì Lucy máa ń sè é fún ara rẹ̀. Mo rí kànáfùrù tó léfòó lójú omi pupa náà. Ta ló ń fi kànáfùrù sínú ẹ̀jẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà wà nínú mi, ó ń gbóná, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bèèrè bí mo ṣe mọ sóbò Lucy yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ Dèjì, wọ́n á sì wá wo yàrá mi. Mo dá fóònù padà fún un. Mo ní, "Kí Ọlọ́run ṣàánú wa."

Lucy ti sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Afìn. Nítorí pé fìríìjì ṣófo, àwọn ọ̀dọ́ ní ẹnìkan ló gbé ẹrù ibẹ̀ pamọ́. Wọ́n kó igi àti òkúta sójú ọ̀nà ní Ìwárọ̀, wọ́n ń yẹ gbogbo mótò wò. Láti ọjọ́ náà, n kò sùn dáadáa. Bí ewúrẹ́ bá fara kan ilẹ̀kùn, ọkàn mi á já. Mo ń bu omi wọ́n iyanrìn, mo ń pààrọ̀ ewé, mo sì ń rò ó pé kí n lọ da gbogbo rẹ̀ sí odò. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo gbé agbọ̀n náà débi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Lẹ́ẹ̀mejì náà ni mo rántí ọmọ tó di òkú bàbá rẹ̀ mú lórí ọ̀kadà, mo sì dá a padà.

Nafisah nìkan ni ọmọ tó kù fún mi. Àwọn méjì ti lọ ṣáájú rẹ̀. Ibà mú ọ̀kan lọ ní ọdún tí òjò ba kòkó wa jẹ́, tí a ta aṣọ òkè tí mo fi ṣègbéyàwó láti ra oògùn tí kò ṣiṣẹ́. Ìgbẹ́ gbuuru mú èkejì lọ, mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, mo rò pé ó sùn ni. Nafisah ń ránṣọ ní Ìkàrẹ́. Ó wá sílé láti bá bàbá rẹ̀ fọ́ kòkó, ó ní òun kò lè jẹ́ kí àgbàlagbà nìkan máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, oòrùn ti wà ní àárín orí nígbà tí mo gbọ́ ọ̀kadà tó ń sáré bọ̀ ní ọ̀nà oko. Àwọn mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Nafisah wà láàárín, orí rẹ̀ sì ń yí síbí sọ́hùn-ún.

"Ó na ọwọ́ sábẹ́ òkìtì kòkó," ni Yẹ̀kínì sọ. Ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀. "Okùn ilẹ̀ ni. Ìyá Nafisah, okùn ilẹ̀ ni."

Apá ọmọ mi ti wú dé ìgbọ̀nwọ́, awọ rẹ̀ ń dán. Ó ya ẹnu láti pè mí, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ lára eyín rẹ̀.

"Màámi, ó ń ta mí," ni ó sọ. "Ẹ má pariwo. Bàbá mi ti pariwo tó."

Mo wọ yàrá lọ, mo pe Lucy. Ó gbé e ní kíá. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà."

"Ẹ má gún un fúnra yín o, ó lè pa á. Dókítà kan wà ní Ìkàrẹ́ tó ní ilé ìwòsàn kékeré, mo máa pè é báyìí. Ó mọ̀ ọ́n fún. Oògùn náà ni kò ní, ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ gbé e dání. Ìyá Nafisah, ẹ gbọ́ mi, ẹ gbé e dání."

"Wọ́n wà lójú ọ̀nà."

 Lucy ní, "Mo mọ̀."

Akínlọ́lá onítákísì ti dé. Wọ́n ti gbé Nafisah sí ìjókòó ẹ̀yìn. Mo jáde pẹ̀lú agbọ̀n obì, Yẹ̀kínì sì wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

"Obì? Ọmọ ń kú lọ, obì lò ń gbé?"

"A ó tà á níbẹ̀, a ó fi san owó dókítà."

"Ọjà! Ọjà lo rò!" Ó tu itọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sọ ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo wọlé, mo gbé agbọ̀n lé itan, mo sì gbé orí ọmọ mi lé èjìká.

Igi ló dá wa dúró ní Ìwárọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń bọ̀ láti abẹ́ ibòòji, kò sí ẹni tó ń kánjú nínú wọn.

"Ìyá Olóbì! Níbo?" Uthman ni.

"Ìkàrẹ́."

"Ẹ ṣí bútù."

"Uthman, ṣé ojú rẹ fọ́ ni?" Akínlọ́lá sọ. "Ọmọ yìí ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, o ní kí n ṣí bútù?"

Ọ̀kan nínú wọn tó di kóńdó mú rẹ́rìn-ín. "Láti ìjẹta, gbogbo ẹni tó ń jáde n'Ọ́kà ló ń ṣàìsàn. Bàbá kan ní orí ń fọ́ òun, àṣé ìgò ọtí ló gbé sábẹ́ ìjókòó."

Wọ́n ṣí bútù. Wọ́n wo abẹ́ ìjókòó. Uthman bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rí apá Nafisah, ó yára gbójú kúrò. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí agbọ̀n.

"Ẹ jẹ́ kí n wo inú eléyìí."

"Obì ni."

"A mọ̀ pé obì ni, màmá. A kàn fẹ́ kí i ni."

Ó ti ọwọ́ bọ inú agbọ̀n. Obì ń dún bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. N kò mí. Mo gbọ́ ìgbà tí ewé ya. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé ewé sókè díẹ̀, igun páálí funfun kan sì yọ jáde, pẹ̀lú àwòrán ejò kékeré tó ká ara rẹ̀ jọ.

Àwa mẹ́ta péré la rí i: Uthman, èmi, àti Yẹ̀kínì tó ti yí ọrùn wo ẹ̀yìn láti ìjókòó iwájú. Mo rí i tí ó yé ọkọ mi. Ó wo páálí náà, ó wò mí. Mo ronú pé ẹnu tó ní kí wọ́n sun ilé ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ nìyí. Ẹ̀jẹ̀ kán láti imú Nafisah sórí ìbòrí rẹ̀. Ó kán lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kí lo rí níbẹ̀?" ẹni tó di kóńdó mú bèèrè láti ẹ̀yìn.

Yẹ̀kínì na apá láàárín ìjókòó méjèèjì. Ó ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ inú agbọ̀n, ó gbé e lé ọwọ́ Uthman, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Uthman," ni ó wí, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń jí ọmọdé. "Obì ni."

"Bàbá, èyí kì í ṣe obì."

"Ọmọ mi nìyẹn. Bàbá rẹ ló sọ ọ́ lórúkọ, ìwọ náà jẹ nínú oyin rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní obì ni."

Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì mótò. Mo ń gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń mí, èémí kúkúrú bí ti ajá tó sáré. Òógùn ń ṣàn lójú Uthman. Mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà, kì í ṣe ẹ̀rù wa. Ti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ó fa ọwọ́ yọ. Obì méjì ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Obì ni o!" ni ó ké. "Obì lásán! Ẹ gbé igi."

Ṣùgbọ́n bí Akínlọ́lá ṣe ń fi jíà síwájú, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tí ẹni tó di kóńdó mú gbé fóònù sókè, ó ń ya ẹ̀yìn mótò wa.

A dé òkè Akùngbá. Níbẹ̀ ni Yẹ̀kínì ti bèèrè, láìwo ẹ̀yìn, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Ti ẹṣin ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Lucy."

"O gba Lucy gbọ́?"

"Bàbá Nafisah, n ò mọ ẹni tí mo gbà gbọ́ mọ́. Zachariah ṣì wà láàyè. Ìyẹn ni mo mọ̀."

 Yẹ̀kínì ní, "Ó ń jẹun jù," ohùn rẹ̀ sì fọ́ lójijì, ó fi ọwọ́ bo ojú.

Dókítà náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, tí a bá ń fojú wo ọjọ́ orí. Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára Nafisah, ó dà á sínú ìgò kékeré kan tó mọ́ gaara, ó sì gbé e kalẹ̀ sójú fèrèsé.

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án," ni ó sọ.  Ọ̀rọ̀ tí wọ́n pariwo níwájú fìríìjì gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó mú ìgò náà, ó yí i. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì bí omi.

"Ó yẹ kí ó ti dì," ni ó wí. "Oró náà ni kò jẹ́ kí ó dì. Bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, á máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Níbo ni ẹ tọ́jú oògùn náà sí láti ìgbà yìí?"

"Sínú obì," ni mo dáhùn.

Ó wò mí bóyá mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti ọwọ́ bọ agbọ̀n, ó fọwọ́ kan ewé, ó fọwọ́ kan páálí, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó mú ìgò oògùn kan, ó fi omi pò ó, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Kò dàrú. Ṣùgbọ́n n kò lè búra fún yín. Ó lè ti pàdánù agbára rẹ̀. Àwọn kan sì wà tí ara wọn kì í gbà á, mo ní abẹ́rẹ́ mìíràn nítòsí nítorí ìyẹn. Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń bi. Ṣé kí n fún un?"

Mo rò pé Yẹ̀kínì yóò bèèrè lọ́wọ́ mi. Kò wò mí. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Dókítà, ẹ̀jẹ̀ kí ni?"

"Ẹṣin ni, bàbá."

"Ẹ lè fi Ọlọ́run búra ìyẹn?"

"Mo lè búra ìyẹn."

Yẹ̀kínì gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ rẹ̀.  "Ẹ fún un," ni ó wí.

Wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n sì ń jẹ́ kí oògùn náà kán wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó tí ọmọ mi, mo ń wo gbogbo ẹ̀kán. Bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá gbọ̀n, mo rò pé ẹ̀mí Dèjì ló ń wọlé. Bí kò bá gbọ̀n, mo rò pé ó ti kú. Ara rẹ̀ yún un, ó sú jáde lọ́rùn, dókítà sáré wá, ó gún un lábẹ́rẹ́ mìíràn, ó rọlẹ̀. Lọ́kàn mi, mo ti ń gbọ́ ohùn Zachariah tó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé, Ṣebí mo sọ fún yín?

Akínlọ́lá wọlé pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Kò mọ ẹni tó yẹ kí ó fi hàn. Yẹ̀kínì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tò ẹ̀yìn mótò wa ni, orí mi hàn nínú gíláàsì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá olóbì kan ti gbé ẹ̀jẹ̀ Dèjì gba Ìkàrẹ́ lọ, ó ń lọ fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò ọmọbìnrin tó sọnù. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ti kà á. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ohùn tí ọkọ mi ti ń gbé sétí láti ọjọ́ yìí.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni," Yẹ̀kínì sọ fún fóònù náà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń bá tirẹ̀ lọ. "Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Mo wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ni."

Akínlọ́lá rọra gba fóònù rẹ̀ padà.

Lucy pè. Ó ní a kò gbọdọ̀ padà sí Ọ̀kà lónìí, wọ́n ti ń bèèrè ilé wa. Mo ní ó dáa. N kò bi í léèrè ibi tí a ó sùn sí. N kò ní àyè fún ẹ̀rù kejì.

Nígbà tí oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè, dókítà tún fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò mìíràn, ó gbé e sójú fèrèsé kan náà. Yẹ̀kínì lọ dúró tì í, kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ń kọjá fi aṣọ gbá a. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti gbó, n kò tètè rí i. Nafisah lajú.

"Màámi, kí ni bàbá mi ń ṣọ́?"

"Ìwọ ni," ni mo sọ fún un.

Dókítà dé. Ó mú ìgò náà láàárín ìka méjì, ó yí i. Ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣàn. Ó dúró sí ibi tó wà, ó dì bí ẹ̀kọ tútù. Dókítà mí kanlẹ̀, ó fẹ́ gbé e kalẹ̀.

"Ẹ tún un yí," Yẹ̀kínì sọ.

Ó tún un yí. Ó da ojú ìgò délẹ̀ pátápátá. Kò kán.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Lóde, fóònù Akínlọ́lá ń dún, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó dìde nínú wa láti lọ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.